Aṣọ Tí Ketaki Fi Wá Iṣẹ́

Ilé kan náà ni èmi àti Ketaki Bhowmik ń gbé ní Siliguri, nílẹ̀ India. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ wà lókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ yìí, Nibharani, ló ni ilé. Ayálégbé ni mí, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ti tó fún mi láti mọ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọkọ Ketaki wà láyé, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá. Lẹ́yìn tí ọkọ náà kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín àtẹ̀gùn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sókè.

Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni tọkọtaya náà ń ṣe. Wọ́n jọ kọ́ ọ ni, wọ́n sì jọ ṣí ọ́fíìsì kékeré sí yàrá iwájú ilé ìyá. Ká sọ òótọ́, Ketaki ló ń ya ilé. Dibyendu, ọkọ rẹ̀, ló ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹnu Dibyendu dùn. Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tí kì í fi ṣúgà sí tíì. Àwọn tó ń kọ́lé tà máa ń wá jókòó tì í, wọn á máa rẹ́rìn-ín, Ketaki á wà nídìí tábìlì ìyàwòrán, á gbé orí sókè kí wọn, á sì tún gbé e sílẹ̀.

Nígbà òjò, mọ́tò tí Dibyendu wọ̀ já sí kòtò lójú ọ̀nà òkè Kurseong. Bí a ṣe sun òkú rẹ̀ tán, iṣẹ́ náà bá a lọ. Gbogbo ẹni tí Ketaki bá pè ló ń sọ ohun kan náà: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Dibyendu la mọ̀, ẹ rí i. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ ná." Iṣẹ́ ló béèrè, ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń tù.

Níbi tiwa, funfun ni aṣọ opó. Obìnrin tó lọ́kọ a máa fi osùn pupa sí ojú ìlà irun rẹ̀, a sì máa wọ ẹ̀gbà funfun àti pupa sọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú, wọ́n á nu osùn náà, wọ́n á fọ́ ẹ̀gbà náà, wọ́n á sì gbé sáàrì funfun, aṣọ gígùn tí à ń lọ́ mọ́ra, lé e lọ́wọ́, kò sì ní jẹ ẹja mọ́. Ayé ti ń yí, opó ìlú ńlá ń wọ ohun tó bá wù wọ́n, wọ́n sì ń jẹ ẹja wọn. Ṣùgbọ́n Nibharani kì í bá ayé yí. Dibyendu ò tíì kọ́ ìrìn nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, láti ìgbà yẹn ni ìyá ti ń wọ funfun, tí ẹja kò sì kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Ketaki bá a wọ funfun títí ètò òkú fi parí. Lẹ́yìn náà ó padà sínú àwọn aṣọ ilé rẹ̀ tó ti ṣá. Ìyá wò ó, ó fi í sílẹ̀. Inú ilé ni, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Nígbà tí òtútù dé, Dawa Doma wá kí i. Ọmọ Kalimpong ni Dawa, lókè lọ́hùn-ún, ọ̀rẹ́ Ketaki láti ilé ìwé. Afárá ló ń kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé máa ń se àpèjẹ ìrọ̀lẹ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà lójú ọ̀nà Sevoke. Wọ́n ń pè é ní ìrọ̀lẹ́ ìmọra-ẹni. Akọ́lé, ayàwòrán, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì, ará báńkì, gbogbo wọn á wá jẹ ẹja díndín, wọn á máa pààrọ̀ káàdì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ti máa ń pín.

"O gbọ́dọ̀ lọ," Dawa wí. "Wọn ò ní wá ọ wá sórí òkè ilé yìí."

"Wọ́n mọ̀ mí, Dawa."

"Wọ́n mọ àtàrí ẹ. Àtàrí tó máa ń dorí kodò sí tábìlì. Ta ló mọ ojú ẹ nínú wọn?"

Ẹni tó tóbi jù nínú àwọn akọ́lé náà, Pranabesh Tarafdar, ọ̀rẹ́ Dibyendu ni. Ó sunkún níbi tí a ti sun òkú débi pé wọ́n ní láti dì í mú. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún Ketaki lórí fóònù pé òun fẹ́ kọ́ ilé alájà púpọ̀ kan sí ọ̀nà Matigara, pé kó wá sí àpèjẹ náà, àwọn á jọ sọ̀rọ̀. Lílọ ti di dandan. Ohun tó kù ni ohun tí yóò wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, aṣọ kún apá rẹ̀, Dawa ń tẹ̀ lé e.

"Àǹtí Malina, ẹ bá mi wò ó. Orí mi ti dàrú."

Ó kọ́kọ́ wọ kóòtù dúdú àti ṣòkòtò tí Dawa gbé wá. Èjìká Dawa gbòòrò. Èjìká kóòtù náà sì dúró gbọnin níta èjìká Ketaki bí ìgbà tí wọ́n fi kọ́ igi.

"Ó jọ lọ́yà tí kò rí ẹjọ́ gbà," ni mo wí.

"Lọ́yà ń jẹun, Àǹtí!" Dawa dá mi lóhùn.

"Nínú kóòtù tara ẹ̀ ni."

Ketaki rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ó bọ́ kóòtù náà, ó sì fa sáàrì kan yọ láti abẹ́ àwọn yòókù, sáàrì òwú aláwọ̀ aró, etí rẹ̀ pupa bíi bíríkì. Kì í ṣe aṣọ ìgbéyàwó, ọkọ kọ́ ló rà á fún un. Òun ló fi owó ilé àkọ́kọ́ tó dá yà rà á. Nígbà tó lọ́ ọ mọ́ra, tó sì gbé etí rẹ̀ kọ́ èjìká, èmi àti Dawa sún sẹ́yìn láti wò ó. Ìbànújẹ́ ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró bí ẹni tí ènìyàn lè gbé ilé lé lọ́wọ́.

"Èyí ni," Dawa wí.

"Búláòsì ẹ ti tóbi jù ọ́ lọ," ni mo sọ. "O ti rù." Mo bu abẹ́rẹ́ sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí mo ṣe ń fún búláòsì náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tí n kì í sábà gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Nibharani ni. Eékún ń dun ìyá náà, kì í sọ̀ kalẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé dókítà ló ń lọ rí. Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà, sáàrì funfun tí wọ́n ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ìyàwó, mo ti lọ aṣọ yìí fún ọ."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mò ń lọ fún."

"Ṣé níbi ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọkọ ẹ ò kú níbẹ̀ ni?"

"Ó kú níbi gbogbo, Màmá."

"Ta wá lò ń wọ aró fún?"

"Iṣẹ́ ni mò ń wọ̀ ọ́ fún."

"Iṣẹ́ lójú? Ojú tó wà níbẹ̀, ojú ọkùnrin ni."

Dawa dá sí i. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá wọ funfun lọ, àánú ni wọ́n máa ṣe é. Wọn ò ní gbé iṣẹ́ fún un."

"Ìwọ ọmọ òkè, ẹnu ẹ. Lọ́dọ̀ yín, obìnrin ń wọ ṣòkòtò lọ síbi òkú."

"Òtútù ló fà á, Màmá."

Nibharani ò rẹ́rìn-ín. Èmi ló kọjú sí. "Malina, ìwọ náà ń bá a rán an?"

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. "Mò ń fún un ni, Màmá," ni mo fi imú sọ.

Ó gbé sáàrì funfun náà mọ́ àyà. "Ó dáa. Wọ ohun tó wù ọ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ìyá ọkọ ẹ, sọ fún wọn pé òun náà ti kú." Ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé òkúta.

Ketaki gbé apá kejì sókè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kejì."

Dawa ló sọ púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi àpèjẹ náà fún mi. Ketaki fi ìyókù kún un nígbà tó yá.

Wọ́n wọlé, gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ wọ ohun tí wọ́n bá jí wọ̀. Ọ̀kan wọ bàtà tí sìmẹ́ǹtì gbẹ mọ́, ó dé fìlà onírun tó bò ó títí dé àgbọ̀n bí ẹni ń lọ sí oko. Ayàwòrán ilé bíi Ketaki ni. Tarafdar fúnra rẹ̀ wọ súwẹ́tà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti lu. Ẹnikẹ́ni ò wo ìgbọ̀nwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ketaki ni wọ́n wò. Tarafdar rí i láti òkèèrè, ó sì ń bọ̀ tọwọ́tọwọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà irun tí kò sí osùn níbẹ̀ mọ́, ó sọ̀ sí èjìká, ó tẹ̀ lé etí aṣọ pupa náà títí dé ilẹ̀, ó tún gòkè padà.

"Ìyàwó wa! Àṣé ara ti le báyìí."

"À ń gbìyànjú, ẹ̀gbọ́n."

"Ó hàn. Ó hàn dáadáa. Inú mi dùn fún ọ. Àwa yòókù ló kù tá a ṣì ń sunkún."

Ketaki gbé e mì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká sọ̀rọ̀ lórí ti Matigara. Mo ti ya díẹ̀ wá."

"Matigara. Haa." Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ṣé o rí i, mo rò pé nǹkan le fún ọ ni. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ká tètè di obìnrin yẹn mú kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n o ò ṣubú, ọpẹ́ ni. Àwọn kan wà tí tiwọn le jù tìẹ lọ."

Ó na ọwọ́ sí onífìlà onírun, ó sì fà á mọ́ra. Wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igi ìtayín ṣì wà lẹ́nu onífìlà nígbà tí Tarafdar fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ Matigara sì ti lọ.

Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan wá fi ọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ Ketaki. "Èmi á gbé ọ délé. Kò yẹ kí irú ẹ máa dá rìn."

"Mo lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣé."

"Ẹsẹ̀ náà ni mò ń rò."

Dawa fà á kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ya fọ́tò. Nínú fọ́tò náà, oníṣòwò yẹn dúró tì í, aṣọ aró ń tàn lábẹ́ iná, Ketaki sì la ẹnu, ó ń sọ pé òun lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà á rò pé ẹ̀rín ni.

Kí a tó jẹun òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò ti wà lórí fóònù gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ìyàwó Tarafdar pe Nibharani. Èmi wà lókè, mò ń dá ìrọ̀rí tí mo tún rán padà, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin náà nítorí etí ìyá ò gbọ́ dáadáa mọ́, ó máa ń jẹ́ kí fóònù pariwo. "Màmá, a rí ìyàwó yín o. Ó rẹwà! Ó ṣe bí ìyàwó ọ̀ṣìngín."

Nibharani gbé fóònù sílẹ̀. Mo retí èébú. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ààrò kékeré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dá ìrẹsì tirẹ̀ sè níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹ ohun tí Ketaki bá sè. Ketaki á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á tún wá gbé e kúrò bí ó ṣe wà.

Òtútù lọ. Iṣẹ́ tí Ketaki rí gbà ní gbogbo ìgbà yẹn kò ju ilé ìyàgbẹ́ ilé oúnjẹ kan lọ. Ó yà á tọkàntọkàn, ó fi fèrèsé gíga sí i. Olóúnjẹ ní fèrèsé kọ́ lòun béèrè. Ní ọjọ́ kan mo rí àwọn tó ra tábìlì ìyàwòrán, wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Nígbà tí Ketaki rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ó ń gba àyè, Àǹtí." Àyè kún yàrá yẹn fọ́fọ́.

Ọdún tuntun wa máa ń bọ́ sínú ooru. Àwọn oníṣòwò á tún ilé ìtajà ṣe, wọ́n á pe oníbàárà wá jẹ adùn. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé tún pe àpèjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Mo wà lókè, mò ń wọn fèrèsé fún aṣọ ìkélé, nígbà tí Ketaki lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, aṣọ tí ẹ lọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ṣé ó ṣì wà?"

Ṣíbí tó wà lọ́wọ́ ìyá dúró sínú ìkòkò. Ó ní, "Ó ti rún jù. Mo máa tún un lọ̀."

Ó ju lílọ̀ lọ. Ó kó omi ìrẹsì rẹ̀ jọ, ó rẹ sáàrì náà sínú rẹ̀ kó lè le, ó sá a, ó jókòó tì í nínú oòrùn kí ẹyẹ má bàa bà á jẹ́. Mo gbọ́ tó ń kọrin. Mi ò mọ̀ pé ìyá náà mọ orin kan rí. Lọ́jọ́ àpèjẹ, òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ Ketaki. Ó ká etí aṣọ náà ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, ó yọ yẹtí kúrò létí rẹ̀, ó fa irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Ó bá ọ mu," ló wí. Nígbà tí ìyá jẹun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nínú ìkòkò Ketaki ló ti bù ú.

Ketaki wo dígí. "Àǹtí, ẹ wá wò ó. Ta nìyẹn?"

"Ìwọ ni."

"Rárá o. Màmá ni."

Dawa pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó sì fi ọwọ́ lérí. "Ṣé orí ẹ pé? Kí lo wọ̀ yìí?"

"Mo ti wọ tèmi lọ rí, Dawa. O rí ohun tí mo gbé bọ̀."

Bí ó ṣe wọ gbọ̀ngàn náà, wọ́n kọjú sí i. Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Ẹnì kan gbé àga. Àwọn tó ti dá a lóhùn lórí fóònù pé kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, wọ́n ń tẹríba fún un. Tarafdar wá, omi ti wà lójú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa. Ìyàwó Dibyendu wa."

Ketaki ò béèrè nǹkan kan. Àwòrán kankan ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó. Àwọn agbáwo ń gbé ẹja díndín kiri, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n fò ó. Tarafdar tẹ̀ síwájú, ó ní, "Má ṣe ìyọnu, mo ti ní kí wọ́n lọ gbé ẹ̀fọ́ wá fún ọ." Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì kéde fún gbogbo wọn pé opó ọ̀rẹ́ òun ò ní jìyà níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà lẹ́nu òun, pé láti ọjọ́ Ajé, ọ́fíìsì òun ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ nu ojú.

Mọ́tò Tarafdar ló gbé Ketaki délé. Kò gòkè. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Àǹtí, ẹja wà?" Ìyókù ẹja ọ̀sán wà nínú ìkòkò mi, ata àti èso músítádì ti dì mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ bù ú ní ìdúró, láìgbóná, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Ó fi ọwọ́ òsì gbá aṣọ funfun náà mú kúrò nínú ọbẹ̀ bí ẹni di ajá mú.

"Ẹ má sọ fún Màmá."

Mi ò sọ fún un.

Tábìlì tí wọ́n fún un ní ọ́fíìsì wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ fọ́tò Dibyendu tí Tarafdar fi òdòdó kọ́ lọ́rùn. Bí oníbàárà bá wọlé, Tarafdar á fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Opó ọ̀rẹ́ mi nìyí. A ò lè fi sílẹ̀ láéláé." Oníbàárà á wo Tarafdar bí ènìyàn rere, á sì jókòó ra ilé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Ketaki ń fi tún ìlà tí ẹlòmíràn fà fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ Matigara há mọ́ onífìlà onírun lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó o wá. Ó yà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dá àárín ilé náà sí gbangba títí dé òkè, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa já bọ́ sórí àtẹ̀gùn gbogbo àjà. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. N kò mọ̀ nípa ilé, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń fi hàn mí.

Ní àárín iṣẹ́ náà, ó wọ sáàrì aláwọ̀ ewé lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan. Àsìkò òjò ni, àwọn funfun kò tíì gbẹ. Tarafdar pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyàwó, ṣé nǹkan wà tí a kò mọ̀? Ṣé o fẹ́ lọ́kọ mìíràn ni?"

"Òjò ló pa àwọn yòókù, ẹ̀gbọ́n."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń béèrè. Mo ti sọ ìtàn ẹ fún wọn."

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n rán búláòsì funfun sí i, tó máa tó pààrọ̀ títí nígbà òjò. Dawa wà níbẹ̀. "Ṣé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ni, àbí wọ́n gbà ọ́ sí ọ̀fọ̀?" ló bi í.

"Ọ̀kan náà ni. Ìkejì ló ń jẹ́ kí wọ́n san ti àkọ́kọ́."

Dawa ò fẹ́ràn èsì yẹn. Wíwá rẹ̀ ń dín kù, nígbà tó yá ó gba iṣẹ́ afárá kan lọ́nà Sikkim, kò wá mọ́.

Wọ́n parí ilé Matigara. Tarafdar sọ ọ́ ní Ilé Dibyendu. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára pátákó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yà á. Ketaki ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń fẹ́ ni láti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n á ṣí i, láti dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbé orí sókè. Ó jí ní kùtù. Ó wẹ̀, ó wọ funfun tó le jù, ó dé ibẹ̀ kí àlùfáà tó tan iná ẹbọ.

Ìyàwó Tarafdar pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sáàrì sẹ́dà pupa lára rẹ̀, àwo osùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí àárín ọ̀nà.

"Áà, ìyàwó. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹ?"

"Sọ kí ni?"

"Ìṣílé ni. Àwọn ìyàwó tuntun wà nínú ilé, àwọn aboyún wà níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀. Opó kì í kọ́kọ́ wọlé." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ó fi ọwọ́ pa á léjìká. "Lọ jókòó sí ọ́fíìsì. Mo máa ní kí wọ́n gbé adùn wá fún ẹ."

Ketaki wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Láti ibi tó dúró, ó rí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn àti ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀. Tarafdar rí i láti inú, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ obìnrin, ó sì yí padà sọ́dọ̀ àlùfáà.

Ó lọ sí ọ́fíìsì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n gbé adùn wá lóòótọ́.

Mo wà lókè lọ́dọ̀ ìyá nígbà tó dé, mò ń fi òróró pa eékún rẹ̀ fún un. Ketaki gbé páálí adùn sórí tábìlì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó. Mo retí pé ìyá á bú Tarafdar. Ó tẹ́tí títí ó fi parí.

"Nígbà tí wọ́n mú ọ wọ ilé yìí ní ìyàwó," ìyá wí, "ta ló fi fìtílà àti adùn pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà?"

Ketaki ronú. "Àǹtí Dibyendu kan ni."

"Àbúrò bàbá ẹ̀, tó ti Cooch Behar wá. Ìyá ọkọ ló yẹ kó gba ìyàwó. Wọ́n ní kí n wà nílé ìdáná. Ojú ihò ilẹ̀kùn ni mo ti rí ẹ. Etí aṣọ ẹ nìkan ni mo rí."

Mo gbé ọwọ́ kúrò ní eékún rẹ̀. Ketaki ṣì dúró.

"Ẹ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí, Màmá?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì lọ̀ ọ́ fún mi. Ẹ fi omi ìrẹsì le e, ẹ jókòó nínú oòrùn tì í."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

Nibharani fa aṣọ funfun rẹ̀ bo eékún. Kò wo èmi, kò wo ìyàwó rẹ̀. "Èmi nìkan ni mo ti wà nílé ìdáná yẹn láti ìgbà yẹn," ló wí. "Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá bá mi níbẹ̀."

Ketaki gbé páálí adùn náà, ó ṣí i, ó gbé e síwájú ìyá, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò ti ilẹ̀kùn gbàgà. Mo gbọ́ tó ń bọ́ aṣọ, ó ń ká a, nítorí aṣọ tó le bẹ́ẹ̀ máa ń dún.

Ó ṣì wà lọ́dọ̀ Tarafdar. Ilé alájà mìíràn ló ń yà fún un báyìí, lẹ́bàá odò Mahananda, funfun ló sì ń wọ̀ lọ síbẹ̀, èmi ni mò ń rán búláòsì rẹ̀. Òun ló ń gbé Nibharani lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló ń ra oògùn, ó ń se ìrẹsì, wọ́n sì ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìṣílé yẹn, kò pe ìyá náà ní Màmá mọ́. "Ẹ gbọ́," ni yóò ní, tàbí "Ẹ wá jẹun."